Ọmọ àbúrò mi fẹ́ fi họ́kì orí yìnyín ṣe iṣẹ́ ní Kánádà: ẹ̀yin ará Ìkòròdú, ẹ bá mi dá sí i

Ìyá Ẹlẹ́ja, Ìta-Ẹlẹ́wà

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará Ìkòròdú nílé àti lẹ́yìn odi. Ọ̀rọ̀ kan délẹ̀ tí ó ju òye mi lọ, n kò sì fẹ́ sọ̀rọ̀ àìmọ̀ níwájú ẹbí. Àbúrò mi ọkùnrin àti ìyàwó rẹ̀ ń gbé ní Calgary ní orílẹ̀-èdè Kánádà. Àkọ́bí wọn, ọmọ ọdún 15, ń gba họ́kì orí yìnyín, ìyẹn eré tí wọ́n ń fi ọ̀pá gbá rọ́bà dúdú kiri lórí omi tí ó ti dì, wọ́n sì ní ọwọ́ iwájú ni ó ń gbá. Ní ọdún tó kọjá, ikọ̀ kan nínú líìgì àwọn ọ̀dọ́ tí wọ́n ń pè ní WHL ṣà á mọ́ àwọn tí wọ́n fẹ́. Ní báyìí, wọ́n ní kí bàbá rẹ̀ fọwọ́ sí ìwé, kí ọmọ náà kó ẹrù rẹ̀ ní oṣù kẹjọ, kí ó lọ máa gbé ní ìlú kékeré kan tí ó tó ìrìn wákàtí mẹ́fà sí ilé wọn, lọ́dọ̀ ìdílé òyìnbó tí ẹnikẹ́ni nínú wa kò mọ̀ rí.

Bàbá rẹ̀ ní ọmọ òun kò ní ibì kankan í lọ, pé ìwé ni òun bí i fún. Ìyá rẹ̀, ọmọ Ẹ̀pẹ́, ní ẹ̀bùn kì í ṣe ohun tí à ń bò mọ́ abẹ́ agbọ̀n. Wọ́n ti fa ọ̀rọ̀ náà títí ó fi ń di ìjà, wọ́n wá ní kí èmi tí mo jẹ́ àgbà dá sí i ní ìpàdé ẹbí tí a máa ń ṣe lórí WhatsApp ní alẹ́ ọjọ́ Àìkú. Èmi tí mo ń ta ẹja! Yìnyín tí mo mọ̀ kò ju èyí tí a fi ń to òkú Èkó lọ. Ní àárọ̀ àná, bulọ́ọ̀kù yìnyín kan já bọ́ lọ́wọ́ ọmọ tí ń bá mi ṣiṣẹ́ nínú kóòdù-rúùmù; ó yọ̀ geere láti ẹnu ilẹ̀kùn dé ìdí òṣùwọ̀n, ó sì gbá agbọ̀n ṣáwá tí ó wà níbẹ̀ dànù. Mo dúró, mo ń wò ó, mo ní ṣé lórí irú nǹkan yìí ni ọmọ wa ti ń sáré, tí ẹlòmíràn tún ń fi èjìká kọ lù ú?

Ẹ jọ̀wọ́, ṣé iṣẹ́ tí ènìyàn lè fi jẹun ni? Kí ni ẹni tí ó wà níwájú ń ṣe gan-an? Kí sì ni kí n bi àbúrò mi léèrè kí n tó la ẹnu mi?

Bàbá Ìbejì, ọmọ Ìgbógbó ní Winnipeg

Ẹ kú ọjà o, Ìyá wa. Ó ti pẹ́ tí mo ti wà ní Winnipeg, àwọn ìbejì mi sì gba eré yìí títí wọ́n fi pé ọdún 14, kí wọ́n tó ní ó tó. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ ṣàlàyé iṣẹ́ náà, nítorí pé ojú bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ ni ọ̀pọ̀ nínú wa fi ń wò ó, ibẹ̀ sì ni àṣìṣe ti ń bẹ̀rẹ̀.

Ènìyàn mẹ́fà ni ikọ̀ kọ̀ọ̀kan ń kó sójú yìnyín: aṣọ́lé kan, ará ẹ̀yìn méjì, àti ará iwájú mẹ́ta, tí ọ̀kan nínú wọn wà láàárín, tí àwọn méjì yòókù sì wà lápá ọ̀tún àti lápá òsì. Ìpín mẹ́ta ni eré náà, ogún ìṣẹ́jú ni ìpín kọ̀ọ̀kan. Ní líìgì àgbà tí wọ́n ń pè ní NHL, ojú yìnyín gùn ní ẹsẹ̀ bàtà 200, ó sì fẹ̀ ní ẹsẹ̀ bàtà 85. Ògiri ni ó yí i ká, nítorí náà rọ́bà kì í yí jáde sí títì bíi bọ́ọ̀lù tiwa. Bí ó bá kan ògiri, ó ń padà sínú eré ni, àwọn ará iwájú tí ó gbọ́n sì máa ń fi ògiri náà bá ara wọn sọ̀rọ̀. Rọ́bà náà nípọn ní ínǹṣì kan, ó fẹ̀ ní ínǹṣì mẹ́ta, kò sì wúwo ju gíráàmù 170 lọ. Ẹ ó rẹ́rìn-ín sí èyí, Ìyá Ẹlẹ́ja: inú fìrísà ni wọ́n ń kó o sí kí eré tó bẹ̀rẹ̀, kí ó má baà máa ta bí ó ṣe wù ú.

Atamátàsé bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ lè wà lórí pápá fún àádọ́rùn-ún ìṣẹ́jú, kí ó máa rìn, kí ó máa dúró de oúnjẹ rẹ̀. Ará iwájú nínú họ́kì kì í lò ju nǹkan bí ìṣẹ́jú-àáyá 45 lọ lẹ́ẹ̀kan. Yóò sá gbogbo eré tí ó wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀, yóò fo ògiri wọlé jókòó, ẹlòmíràn yóò sì fò jáde, eré kò sì ní dúró dè wọ́n. Ẹ rántí bí àwọn obìnrin ṣe máa ń gún iyán ìnáwó, mẹ́ta sínú odó kan: bí ọmọ odó kan ti ń gòkè ni òmíràn ń sọ̀ kalẹ̀, ẹni tí apá bá ń ro yóò fi ọmọ odó lé ẹlòmíràn lọ́wọ́, iyán kò sì gbọdọ̀ tutù. Ará iwájú méjìlá ni ikọ̀ ń múra fún lálẹ́ ọjọ́ kan, ọ̀wọ́ mẹ́rin, mẹ́ta-mẹ́ta. Ọ̀wọ́ kìíní àti ìkejì ni ó ń wá ayò, àwọn ni orúkọ wọn ń dún. Ọ̀wọ́ kẹta àti ìkẹrin ń lé àwọn ará ẹ̀yìn ikọ̀ kejì sí kọ̀rọ̀, wọ́n ń fi ara dí ọ̀nà kí rọ́bà má baà dé ilé, wọ́n sì ń fi ìkọlù tán alátakò lágbára. Ẹni àárín ní tirẹ̀ ló ń bá alátakò rẹ̀ du rọ́bà nígbà tí rẹfirí bá jù ú sílẹ̀, dandan sì ni kí ó sáré padà ran àwọn ará ẹ̀yìn lọ́wọ́.

Ohun kan tún wà tí mo fẹ́ràn púpọ̀ nínú eré náà. Ẹni tí ó jẹ ayò gba àmì kan, ṣùgbọ́n ẹni méjì tí ó gbé rọ́bà fún un kẹ́yìn lè gba àmì kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú, àmì náà kò sì kéré sí ti ẹni tí ó jẹ ẹ́. Ọmọ tí kò bá mọ bí a ti ń fún ẹlòmíràn kì í pẹ́ níbẹ̀.

Nítorí náà, ìbéèrè kìíní tí ẹ máa bi ọmọ náà fúnra rẹ̀ nìyí: ní Calgary ó jẹ́ ìràwọ̀, ṣùgbọ́n ní WHL yóò jẹ́ ọmọ ọdún 16 láàárín àwọn ọkùnrin tí àwọn kan nínú wọn ti pé 20, ṣé ó lè fi ọdún kan gbogbo jókòó sí ọ̀wọ́ kẹrin, kí ó má sì jẹ́ kí ọkàn rẹ̀ bàjẹ́? Ẹ tún bá mi bèèrè oṣù tí wọ́n bí i. Màá sọ ìdí rẹ̀.

Ìyá Ẹlẹ́ja, Ìta-Ẹlẹ́wà

Ọjọ́ kẹta oṣù kọkànlá ni. Èmi ni mo mú orúkọ àkọ́kọ́ wá nígbà tí wọ́n sọ ọ́ lórúkọ lórí fóònù. Ọ̀rọ̀ iyán yẹn yé mi dáadáa, ẹ ṣeun.

Bàbá Ìbejì, ọmọ Ìgbógbó ní Winnipeg

Ìròyìn rere ni ẹ mú wá. Ní Kánádà, ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ni wọ́n fi ń pín àwọn ọmọ sí ẹgbẹ́ ọjọ́ orí, nítorí náà ọmọ tí a bí ní oṣù kìíní fẹ́rẹ̀ẹ́ fi ọdún kan ju èyí tí a bí ní oṣù kejìlá lọ, bẹ́ẹ̀ ẹgbẹ́ kan náà ni wọ́n wà. Àwọn tí a bí ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún máa ń tóbi jù, àwọn akọ́nimọ̀ọ́gbá sì máa ń pe títóbi ní ẹ̀bùn. Bí wọ́n bá lè rí ọmọ oṣù kọkànlá láàárín wọn, a jẹ́ pé kì í ṣe gíga ara rẹ̀ ni wọ́n rà.

Ó tún ṣe é lóore lọ́nà kan. Ní NHL, ọmọ gbọ́dọ̀ ti pé ọdún 18 kí ó tó di ọjọ́ 15 oṣù kẹsàn-án kí wọ́n tó lè ṣà á ní ọdún náà. Ọmọ tiwa yóò bọ́ sí ti ọdún kejì, ìyẹn ni pé yóò ní sáà kan sí i láti fi dàgbà kí wọ́n tó wá wọ̀n ọ́n. Ìpele méje ni ìṣàyàn náà, ikọ̀ 32 ni ó wà, gbogbo rẹ̀ sì tó nǹkan bí ọmọ 224 láti gbogbo ayé lọ́dún kan. Ẹ tún ṣírò èyí: ikọ̀ 32, ará iwájú 12 fún ọ̀kọ̀ọ̀kan, 384 ni àpapọ̀ àyè tí ó wà ní alẹ́ tí gbogbo wọn bá gbá. Ìjọ tí mo ń lọ ní Winnipeg ní ọmọ ìjọ tó ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Bàbá Olùkọ́, Ìjẹ̀dẹ́

Mo kí gbogbo ilé. Mo ti fẹ̀yìn tì, ṣùgbọ́n mo ṣì ń ka ìwé, ó sì yà mí lẹ́nu pé ẹ ti ń sọ̀rọ̀ láti àná, tí ẹnikẹ́ni kò tíì dárúkọ Igi-ńlá.

Jarome Iginla ni àwọn òyìnbó ń pè é, wọn kò mọ ibi tí àmì ohùn wà ni. Ọmọ Yorùbá ni bàbá rẹ̀. Adékúnlé ni orúkọ rẹ̀ kí ó tó lọ sí Kánádà ní ọmọ ọdún 18, níbi tí ó ti sọ ara rẹ̀ ní Elvis tí ó sì di agbẹjọ́rò. Adékúnlé náà ṣì wà lára àwọn orúkọ tí ó sọ ọmọ. Ọdún 1977 ni wọ́n bí Jarome ní Edmonton. Ọ̀dọ̀ ìyá rẹ̀ àti àwọn òbí ìyá rẹ̀ ni ó ti dàgbà ní ìlú St. Albert. Ní ọdún 1993, nígbà tí ó di ọmọ ọdún 16, ó kúrò nílé lọ sí Kamloops láti gbá fún ikọ̀ kan nínú WHL yìí kan náà, ipò iwájú apá ọ̀tún. Ikọ̀ náà gba ife-ẹ̀yẹ àwọn ọ̀dọ́ gbogbo Kánádà, tí wọ́n ń pè ní Memorial Cup, ní 1994 àti 1995.

Ẹ fara balẹ̀ gbọ́ èyí tí ó tẹ̀lé e. Ní 1995, ikọ̀ Dallas ṣà á ṣe ẹni kọkànlá. Kí ó tó gba eré kan ṣoṣo fún wọn, wọ́n ti fi í ṣe pàṣípààrọ̀ fún ẹlòmíràn ní oṣù kejìlá ọdún náà, ó sì di ti Calgary, ìlú tí ọmọ wa ń gbé yìí. Kò sẹ́ni tí ó bèèrè lọ́wọ́ rẹ̀ pé ṣé ó wù ú. Báyìí ni iṣẹ́ náà rí: ènìyàn lè jí ní àárọ̀ ní ìlú kan, kí ó sùn ní ìlú mìíràn, kí ó sì máa ṣe àlejò láàárín àwọn tí ó fi èjìká gbá lánàá.

Ní sáà 2001 sí 2002, ayò 52 ni ó jẹ, kò sí ẹni tí ó jẹ tó bẹ́ẹ̀ nínú líìgì náà, àmì rẹ̀ sì jẹ́ 96, òun náà ló pọ̀ jù. Ní oṣù kejì ọdún 2002 ní Salt Lake City, ó jẹ ayò méjì nígbà tí Kánádà na Amẹ́ríkà 5 sí 2 ní àṣekágbá, ó sì di ọkùnrin aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tí yóò gba wúrà ní Òlíḿpíìkì ìgbà òtútù. Ní 2003 wọ́n fi í ṣe olórí ikọ̀ Calgary. Kí ó tó fi ẹ̀yìn tì ní 2018, ó gba eré 1,554, ó jẹ ayò 625, ó sì fún ẹlòmíràn ní 675 jẹ. Ẹ wo nọ́ńbà méjèèjì yẹn, ẹ ó rí i pé èyí tí ó fún ni ju èyí tí ó jẹ lọ. Ní 2019 Calgary so nọ́ńbà 12 rẹ̀ rọ̀ sókè, kò sí ẹni tí yóò tún wọ̀ ọ́ níbẹ̀ mọ́. Ní 2020 wọ́n yàn án sí gbọ̀ngàn àwọn akọni eré náà. Ọmọ rẹ̀, Tij, ni ikọ̀ Utah ṣà ṣe ẹni kẹfà ní 2024, ará iwájú lòun náà.

Bí àbúrò yín bá ń wá Yorùbá tí ó ti rin ọ̀nà yẹn ṣáájú, òun nìyí. Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe fi ọ̀nà ẹnì kan ṣe òṣùwọ̀n fún ọmọ ẹlòmíràn, nítorí pé igi ńlá kan náà ni a ń rí láti òkèèrè, a kì í rí àwọn igi kéékèèké tí ó wà lábẹ́ rẹ̀.

Ọ̀dọ́ Ọ̀gọ̀lọ̀ńtọ̀

Bàbá Olùkọ́, ẹ kú iṣẹ́ o. Pẹ̀lú gbogbo èyí, ife-ẹ̀yẹ àgbà mélòó ni ó gbà?

Bàbá Olùkọ́, Ìjẹ̀dẹ́

Kò gba Stanley Cup rí. Ní 2004 ó gbé Calgary dé àṣekágbá, eré méje ni wọ́n gbá, Tampa Bay sì fi eré keje gbà á lọ. Ogún sáà, kò tún dé àṣekágbá mọ́.

Akọ́nimọ̀ọ́gbá Sábó

Mo ń kọ́ àwọn ọmọ ní bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀. Láti ìgbà tí Ikorodu City ti gòkè sí líìgì àgbà ní 2024, kò sí ọmọ kan ní àdúgbò wa tí kì í ṣe atamátàsé mọ́. N kò rí ẹni tí yóò ṣọ́lé fún mi. Nípa yìnyín, n kò ní ìmọ̀ kankan, ṣùgbọ́n mo mọ òbí tí wọ́n ti fi ọmọ jẹ lówó. Aṣojú kan gba owó ilẹ̀ tí ìyá ọmọkùnrin kan nínú ikọ̀ mi tà, ó ní òun yóò mú un lọ dán ara rẹ̀ wò ní Yúróòpù. Cotonou ni wọ́n dé. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni ọmọ náà fi sùn nínú yàrá kan pẹ̀lú àwọn mọ́kànlá mìíràn kí ó tó wọ mọ́tò gba Sẹ̀mẹ̀ padà wálé, ẹsẹ̀ rẹ̀ wú, kò sì fẹ́ rí bọ́ọ̀lù sójú fún ọdún kan.

Nítorí náà, ìbéèrè tèmi kúrú: ta ni ń sanwó fún ta ni?

Agbẹjọ́rò, ọmọ Ìpakodò

Ìbéèrè Akọ́nimọ̀ọ́gbá ni ó yẹ kí ó ṣáájú. Ní WHL, ikọ̀ ni ó ń pèsè ohun èlò eré, ìrìn àjò, àti owó tí wọ́n ń fún ìdílé tí ó gba ọmọ sílé. Bí ẹnikẹ́ni bá ní kí àbúrò yín san owó ìforúkọsílẹ̀ tàbí owó àyè, kí ó yára tì í sẹ́yìn. Lóòótọ́, àwọn ọdún tí ó ṣáájú ni ó ti ná òbí lówó: ọ̀pá kan péré nínú àwọn tí ó dára lè ju 300 dọ́là Kánádà lọ, ó sì lè kán ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tí wọ́n rà á.

Ẹ̀wẹ̀, ọmọ kò ní gba owó oṣù ní WHL. Owó ìnáwọ́ díẹ̀ ni wọ́n ń fún un. Ohun tí ó níye lórí nínú ìwé tí wọ́n fẹ́ kí bàbá fọwọ́ sí ni owó ilé ẹ̀kọ́: sáà kan tí ó bá gbá, owó yunifásítì ọdún kan, pẹ̀lú ìwé kíkà. Kí bàbá rẹ̀ ka ibi tí wọ́n ti sọ ìgbà tí ẹ̀tọ́ náà ń parí, kí ó bèèrè pé bí ọmọ bá fara pa ní oṣù kejì ńkọ́, bí wọ́n bá fi í ránṣẹ́ sí ikọ̀ mìíràn ńkọ́, bí ó bá gba iṣẹ́ àgbà fún ọdún kan tí kò sì rí bá a ṣe mọ́ ńkọ́. Kí ó gba ìdáhùn náà ní kíkọ sílẹ̀, kì í ṣe lórí fóònù.

Mo sì fẹ́ tún ohun kan ṣe, nítorí pé mo mọ̀ pé àwọn ará Calgary yóò ti sọ fún un pé ọmọ tí ó bá wọ WHL ti ba ọ̀nà yunifásítì Amẹ́ríkà jẹ́ fún ara rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni ó rí tẹ́lẹ̀, nítorí pé àjọ eré ìdárayá àwọn yunifásítì Amẹ́ríkà, NCAA, ka àwọn ọmọ WHL sí òṣìṣẹ́ tí ń gba owó. Wọ́n yí òfin náà padà ní oṣù kọkànlá 2024, ó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹjọ 2025. Ọmọ lè gbá ní WHL báyìí, kí ó sì tún lọ gbá fún yunifásítì ní Amẹ́ríkà. Ìmọ̀ràn tí ó bá ti ju ọdún yẹn lọ, ẹ fi sílẹ̀.

Ní ti owó gidi, owó tí ó kéré jù tí eléré NHL ń gbà ní sáà 2025 sí 2026 jẹ́ 775,000 dọ́là Amẹ́ríkà. Mo mọ̀ pé ẹ ti ń sọ ọ́ di náírà, ẹ sinmi. Ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ ará iwájú ni àdéhùn wọn ní owó méjì: iye kan fún ọjọ́ tí ó bá wà ní líìgì àgbà, àti iye tí ó kéré sí i gan-an fún ọjọ́ tí wọ́n bá dá a padà sí líìgì tí ó wà lábẹ́ rẹ̀, AHL, wọ́n sì lè pè é sókè ní ọjọ́ Ajé, kí wọ́n dá a padà ní Ọjọ́bọ̀. Owó orí wà níbẹ̀, owó aṣojú wà níbẹ̀. Àwọn tí ó ni ikọ̀ àti àwọn eléré ń pín owó tí eré náà bá mú wọlé ní ìdajì-ìdajì, nítorí náà wọ́n máa ń dá díẹ̀ dúró nínú owó iṣẹ́ títí wọn yóò fi ṣírò ọdún tán.

Nọ́ọ̀sì, Ìmọ̀tà

Ẹ ti sọ̀rọ̀ owó tó. Orí ńkọ́?

Ní Kánádà, láti nǹkan bí ọdún 13 ni wọ́n ti ń gba àwọn ọmọ láàyè láti máa fi ara gbá ara wọn nínú eré yìí, ọmọ yín sì ti wà nínú rẹ̀ láti ọdún méjì. Ará iwájú ni ó ń wọ kọ̀rọ̀ lọ mú rọ́bà, tí ó kọjú sí ògiri, tí ó kọ ẹ̀yìn sí ẹni tí ń bọ̀. Eyín tí ó bá yọ kò já mọ́ nǹkan kan lójú tèmi. Ọpọlọ tí ó mì nínú agbárí ni kí ẹ bẹ̀rù, nítorí pé kì í ṣẹ̀jẹ̀, ọmọ sì mọ bí a ti ń pa á mọ́ kí wọ́n má baà yọ òun kúrò nínú eré. Bí orí bá ń fọ́ ọ, bí ìmọ́lẹ̀ bá ń dùn ún lójú, bí ó bá ń bi ènìyàn ní ìbéèrè kan náà lẹ́ẹ̀mejì, bí inú bá ṣàdédé ń bí i, kò gbọdọ̀ padà sórí yìnyín lọ́jọ́ náà, ohunkóhun tí ì báà wà nílẹ̀. Èyí tí ó bá tún gbá a kí ti àkọ́kọ́ tó san ni ó burú jù. Ọmọ tèmi fi orí gbá irin ilé bọ́ọ̀lù ní pápá kan níhìn-ín ní ọdún mẹ́ta sẹ́yìn. Wọ́n da omi tútù lé e lórí, wọ́n ní kí ó wọlé padà. Ìgbà tí ó dé ilé tí ó ń pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní orúkọ mi ni mo tó mọ̀.

Ẹ bèèrè pé ta ni ń pinnu ìgbà tí ọmọ yóò padà, ṣé akọ́nimọ̀ọ́gbá ni tàbí dókítà. Ẹ bèèrè ọ̀rọ̀ ìbòrùn ààbò pẹ̀lú. Irin tí ó wà lábẹ́ bàtà wọn mú bí ọ̀bẹ. Ní ọjọ́ 28 oṣù kẹwàá 2023, ní Sheffield nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, irin bàtà ẹlòmíràn gé Adam Johnson lọ́rùn láàárín eré, ó sì kú. Ọmọ Amẹ́ríkà ni, ará iwájú ni. Kí ọmọ máa wọ ohun tí ó bo ọrùn ní ọjọ́ eré àti ní ọjọ́ ìgbaradì.

Ọmọ Ẹ̀pẹ́ ní Brampton

Ìyá wa, mo fi ìlú ṣe tèmi pẹ̀lú ìyàwó yín, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí kò dùn ún sọ. Ọmọ yín lè jẹ́ aláwọ̀ dúdú kan ṣoṣo nínú ikọ̀ náà, bóyá nínú kíláàsì rẹ̀ pẹ̀lú. Akim Aliu, ará iwájú tí wọ́n bí ní Ọ̀kẹ́nẹ̀ ní Nàìjíríà tiwa, gba eré méje péré ní NHL, fún Calgary ni gbogbo rẹ̀. Ní oṣù kọkànlá 2019 ó sọ ní gbangba pé akọ́nimọ̀ọ́gbá kan tí ó darí òun ní ọdún bíi mẹ́wàá sẹ́yìn ti fi àwọ̀ ara òun bú òun; kí oṣù náà tó parí, akọ́nimọ̀ọ́gbá náà ti fi iṣẹ́ sílẹ̀. Ọdún 1958, ọjọ́ 18 oṣù kìíní, ni Willie O'Ree ti kọ́kọ́ ṣí ọ̀nà fún aláwọ̀ dúdú ní NHL. Ará iwájú lòun náà, ojú kan ni ó sì fi ń ríran, ó fi èyí pa mọ́ fún wọn. Láti ọdún yẹn títí di ti Aliu, ẹ ṣírò rẹ̀.

Mi ò ní kí ó má lọ. Mo ní kí wọ́n bi àwọn aláṣẹ ikọ̀ náà ní gbangba pé ta ni ọmọ yóò sọ fún bí wọ́n bá bú u, kí sì ni wọ́n ṣe nígbà tí irú rẹ̀ ṣẹlẹ̀ kẹ́yìn. Ojú wọn nígbà tí wọ́n bá ń dáhùn yóò sọ èyí tí ẹnu wọn kò sọ.

Bàbá Ìbejì, ọmọ Ìgbógbó ní Winnipeg

Òótọ́ ni. Ẹ jẹ́ kí n fi ti ilé tí ó máa wọ̀ kún un. Ọmọ ọ̀rẹ́ mi kan gbé lọ́dọ̀ irú ìdílé bẹ́ẹ̀ fún sáà méjì. Kí ó tó lọ, àwọn òbí rẹ̀ wakọ̀ lọ síbẹ̀, wọ́n bá wọn jẹun alẹ́, wọ́n wo yàrá, wọ́n bèèrè ìgbà tí wọ́n ń ti ilẹ̀kùn, wọ́n bèèrè ẹni tí ó ń wo iṣẹ́ àṣetiléwá. Eré 68 ni ó wà nínú sáà WHL kí ife-ẹ̀yẹ tó bẹ̀rẹ̀, ọ̀nà sì jìn débi pé inú bọ́ọ̀sì ni ọmọ ti ń ka ìwé, tí ó ti ń sùn. Ìyá rẹ̀ máa ń se ọbẹ̀ ata, á pín in sínú ike pẹlẹbẹ, á sì dì í ní fìrísà fún oṣù kan. Nígbà kan, ọkọ inú ilé náà jẹ ẹ́ ní àṣìṣe, ó rò pé ọbẹ̀ tòmátò fún sìpàgẹ́tì ni. Omi líta méjì ni wọ́n ní ó mu. Láti ìgbà náà ni wọ́n ti ń kọ orúkọ sórí ike.

Ìyá Ẹlẹ́ja, Ìta-Ẹlẹ́wà

Ẹ kú àdúrótì, gbogbo yín. A ṣe ìpàdé náà ní alẹ́ àná. Mo kọ àwọn ìbéèrè yín sẹ́yìn káàdì owó ẹja, mo sì kà wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Ti owó yunifásítì, àbúrò mi kò mọ̀ pé ó wà nínú ìwé náà, nítorí pé kò tíì kà á kọjá ojú ìwé kejì; ìbínú ni ó fi ń kà á. Ti dókítà, ìyàwó rẹ̀ ti fi ìméèlì bèèrè, kò tíì rí èsì.

Mo wá ní kí wọ́n fún mi ní ọmọ náà. Mo bi í ní ìbéèrè Bàbá Ìbejì nípa ọ̀wọ́ kẹrin. Ó dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀, ó ní, "Màmá Ìkòròdú, mo ti gbá ọ̀wọ́ kẹrin rí, nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ ikọ̀ àwọn ọmọ ọdún 13. N kò jẹ ayò kankan títí di oṣù kìíní." Mo ní kí ni ó ń ṣe nígbà tí wọ́n bá ní kí ó jókòó. Ó ní òun ń mu omi, òun sì ń wo ẹsẹ̀ ẹni tí ó wà ní ipò òun, kí òun lè mọ ibi tí yóò ti rẹ̀ ẹ́. Bàbá rẹ̀ gbọ́ ọ, kò sọ nǹkan kan.

Ibi tí a fi sí ni pé kò tíì sí ìfọwọ́sí. Ní ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, àwọn méjèèjì yóò wakọ̀ wákàtí mẹ́fà náà lọ bá ìdílé yẹn jẹun, agbẹjọ́rò kan níbẹ̀ yóò sì ka ìwé náà fún wọn kí wọ́n tó kúrò nílé. Ọmọ ní òun fẹ́ bá wọn lọ, bàbá rẹ̀ ní kí ó wá.

Ṣé ẹnikẹ́ni nínú yín mọ ẹni tí ń lọ sí Calgary kí oṣù yìí tó parí? Ẹja gbígbẹ díẹ̀ ni, mo ti yọ egungun rẹ̀, mo sì ti lọ̀ ọ́.